Tẹlifíṣọ̀n Tí Kolẹ́tì Kò Mú

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo gbé tẹlifíṣọ̀n wa jáde nílé ní Àjàṣẹ́. Ìró Kolẹ́tì, aya mi, ni mo fi dì í. Ó ti di oṣù méje tí ó kú, n kò sì lè dá jókòó wò ó mọ́. Ìyá rẹ̀ tí ó ń gbé lórí òkè ní Dassa-Zoumè ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé Arigbo, ihò àpáta Màríà Mímọ́, mọ́, ó sì fẹ́ máa wo ìsìn oṣù kẹjọ láti ilé.

Awakọ̀ wo ẹrù mi. “Bàbá, ẹrù tó bá jókòó bí èèyàn á sanwó bí èèyàn.”

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ sẹ́fà ni owó ẹnì kan. Mo san ti èèyàn méjì, bí a ṣe máa ń san án tẹ́lẹ̀. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí Kolẹ́tì máa ń fẹ́.

Ọ̀nà dára dé Bohicon. Mo ra búrẹ́dì níbẹ̀, n kò jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, mo mọ̀ pé a ti ń dé. Èdè àwọn ará Dassa sún mọ́ tiwa, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí débi pé mo ń ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ. Nílé Ìyá, iyán ni wọ́n gbé fún mi, iṣu tó ti Glazoué wá, ní àsìkò tí àwa nílé ń mu ẹ̀kọ.

Bàsíìlì, àbúrò Kolẹ́tì, ni ó ń so iná oòrùn mọ́ òrùlé fún àwọn ará òkè. Ó tú ìró náà, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀. Ẹ tún ń fi étíkẹ́ẹ̀tì ṣe ọ̀ṣọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìwé aláwọ̀ tí ó máa ń wà lára ẹ̀rọ tuntun. Ní àdúgbò wa a kì í ṣí i kúrò, kí ẹ̀rọ má baà gbó lójú àlejò. Bàsíìlì fi ìka tọ́ ọ: ẹ̀rọ tí àmì rẹ̀ bá wà lókè, ní àwọ̀ ewé, kì í jẹ iná púpọ̀, èyí tí tirẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, ní pupa, ń jẹ ẹ́ gan-an. Pupa ni tiwa.

“Ẹ̀gbọ́n, bátìrì Ìyá kò lè gbé e.”

“Tàn án,” ni Ìyá wí. “Ti ọmọ mi ni.”

Ó tàn. Ẹgbẹ́ akọrin kan ń kọrin. Kí orin tó parí, bátìrì ké, tẹlifíṣọ̀n àti iná yàrá sì kú pọ̀.

Ìyá yíjú sí mi. “Ọjọ́ tí ẹ rà á, Kolẹ́tì pè mí. Ó ní kékeré kan tó ní àwọ̀ ewé lòun mú, pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé e padà.”

“Òótọ́ ni, Ìyá.” Mo ti sọ fún un nígbà náà pé àwòrán la wá rà, kì í ṣe ìwé.

“Ẹ lọ bá mi wá irú èyí tí ó mú.”

Alhaji kan tí ó ń ta ẹ̀rọ lọ́jà fi kékeré pààrọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó ní, “Ilé ìtura á ra tiyín. Àwọn náà kì í ka étíkẹ́ẹ̀tì.”

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá wò ó títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, iná yàrá kò sì kú. Ó fi ìró ọmọ rẹ̀ bò ó, ó ká etí ìró náà sókè kí étíkẹ́ẹ̀tì lè hàn.

Lọ́jọ́ kejì mo san owó ẹnì kan padà sílé. Ojú ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri ṣì mọ́ ju ìyókù lọ. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ọdún mẹ́jọ ni étíkẹ́ẹ̀tì yẹn fi wà níwájú mi. Kolẹ́tì ti kà á fún mi nílé ìtajà, jẹ́jẹ́ bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀, n kò sì gbọ́.