Agbẹnusọ Wa Nílé Ìfọṣọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá ti gbọ́ èdè onílẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà ìlú òkèèrè, ẹ wá wo Agbẹnusọ.

Àwa ọmọ Yorùbá mẹ́sàn-án la jọ ń lọ aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì nílé ìfọṣọ kan níbẹ̀. Èdè wọn tí àwa gbọ́ ò ju ká fi kíni, ká sì fi bẹ̀bẹ̀ lọ. Agbẹnusọ nìkan ló gbọ́ ọ débi tó fi lè bá ọ̀gá jiyàn. Ara bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ló ti kọ́ ọ, àti lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọ̀gá gbé e kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù, tó fún un ní tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì, a bá a yọ̀. A ò mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọn ò lè fẹnu ara wọn jẹ́ ni wọ́n fẹ́ máa rán an.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pe Agbẹnusọ àti Màmá. Màmá ló dàgbà jù nínú wa. Òun ló gba Agbẹnusọ sílé lọ́jọ́ tó dé, orí ibùsùn kan náà ni wọ́n jọ sùn fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá ní ọwọ́ Màmá ti ń falẹ̀, kó má wá síṣẹ́ mọ́ láé. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ wa, a kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ àgbà lórí. Agbẹnusọ kúnlẹ̀.

"Màmá, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ sinmi díẹ̀ ná."

"Títí di ìgbà wo, ọmọ mi?"

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ó ní, "Wọ́n á ránṣẹ́ sí yín, mà."

Màmá gbàdúrà fún ọ̀gá lọ rabidun. Ọ̀gá béèrè bóyá ọ̀rọ̀ òun yé ìyá náà, Agbẹnusọ ní ó yé e.

Oṣù mẹ́ta rèé. Gbogbo Mọ́ńdè ni Màmá ń wá sẹ́nu géètì, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ á gún régé lọ́rùn rẹ̀. Inú bí mi títí, mo ní, "Sọ òótọ́ fún ìyá yìí, jàre!"

Agbẹnusọ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ ọ́. Yorùbá ṣáà ni."

Mo padà sídìí áyọ́ọ̀nù mi. Ojú ti mí.

Mọ́ńdè tó kọjá, tẹ̀ríntẹ̀rín ni Màmá dé. Ó ní ilé ìwé kan tó sún mọ́ ilé òun fẹ́ gba òun síṣẹ́ ìgbálẹ̀, òun sì ti kọ̀ ọ́. "Ṣé mo lè já yín jù sílẹ̀ ni, nígbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí? Ẹnu ẹ ni mo gbà gbọ́, ọmọ mi."

Agbẹnusọ di ọ̀pá géètì mú. Kò ríbi yà sí. Ọ̀gá yọrí lójú fèrèsé, ó bi í pé kí ni ìyá yẹn ń wá. Agbẹnusọ dá a lóhùn lédè wọn, kò kọsẹ̀ rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun sọ fún ọ̀gá pé Màmá kàn wá kí òun ni.

"Kí ni wọ́n wí?" Màmá béèrè.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i, mà."

Màmá ní kò burú, òun á tún yà lọ́jọ́ Mọ́ńdè.