Táyà Òsì Ni Tèmi

Kí n tó wọ ilé ọkọ mi ní Ayétòrò ni tirakítọ̀ náà ti wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ìyáálé mi. Bí ọkọ mi bá jí, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ kí. Wọn á fi àkísà nù ún lójú, wọn á bi í bóyá ó sùn dáadáa, kí wọ́n tó rántí pé ìyàwó kan wà lẹ́yìnkùlé tó ń ro ẹ̀kọ. N kò jowú o. Ìyáálé tí kì í jẹun, tí kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, mélòó la rí irú rẹ̀? Epo díísù nìkan ló ń mu, ìyẹn náà ni mo sì fi ń rí i wí.

Òun ni ọkọ mi fi ń túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀, láti Ayétòrò títí dé ìhà Ìlárá. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ níléèwé, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ohunkóhun nípa rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n orúnkún òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkọ mi, wọn kò lè gun orí ìjókòó awakọ̀ mọ́. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Wọ́n ní kí n máa bójú tó iṣẹ́ tirakítọ̀, kí àbúrò wọn, tí mo ń pè ní ọkọ mi kékeré, máa wà á. Inú mi dùn débi pé n kò lè fi pa mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù: kí ó má lọ jẹ́ pé oyè lásán ni wọ́n fi mí jẹ, kí ọ̀rọ̀ mi má tó nǹkan kan lórí irin yẹn.

Kò pẹ́ tí ìdánwò fi dé. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti jẹ tán, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú. Àwọn tó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ ń pè wá lórí fóònù ṣáá.

Ọkọ mi ní táyà onítúbù la ó rà. "Inú ni agbára wà," ni wọ́n wí. "Táyà tí kò ní nǹkan nínú, kí ni yóò fi dúró?"

Mo ní rárá, túbúlẹ́ẹ̀sì ni, èyí tí kì í lo túbù, tó jẹ́ pé ara táyà àti irin rímù ló ń dì mọ́ra wọn láti pa atẹ́gùn mọ́. Bí ìṣó bá gún un, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jò, kò ní dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣebí òun ni àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó sìmẹ́ńtì jáde ní Ìbẹsẹ̀ ń lò.

"Orí títì ni tìwọn ń sá," ni ọkọ mi dáhùn. "Orí kùkùté ni tèmi ń rìn. Rímù wa sì ti dógùn-ún."

"A lè ha á."

"Tíṣà, ajá tó máa sọnù..."

"Ẹ má parí rẹ̀ o!"

Ìjà wa, bí i ká kú kọ́. A ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ oúnjẹ alẹ́ títí ó fi sú ọkọ mi kékeré, tó sì dá ẹjọ́ fún wa: táyà ọ̀tún jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, táyà òsì jẹ́ tèmi, kí oníkálukú ra èyí tó bá wù ú. Ìdí-Ìrókò lẹ́nubodè la ti lọ rà wọ́n. Ẹni tó ta tèmi ń fi Faransé yìn ín fún mi, èmi náà sì ń mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Fọkanáísà tó máa ń bá wa lẹ táyà wá sílé wá dè wọ́n. Tọkọ mi wọlé wẹ́rẹ́. Tèmi kọ̀. Fọkanáísà fi ọṣẹ pa á létí, ó ń fẹ́ ẹ, atẹ́gùn ń sá jáde ṣìì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rímù. Nígbà tó pẹ́ títí, ó dún gbì, ó sì dúró. Mo pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi kàn ń fọwọ́ pa àgbọ̀n wọn ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo yọ́ lọ wò ó. Ó ti rọ̀ díẹ̀.

"Àlejò ni," mo sọ fún ọkọ mi kékeré. "Ara rẹ̀ ni kò tíì balẹ̀."

A tún un fẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún ti rọ̀, bẹ́ẹ̀ inú ọgbà ilé la ṣì wà, a ò tíì ṣiṣẹ́ kankan. Ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Bí táyà yẹn bá lọ dọ̀bálẹ̀ lóko olóko, kò sẹ́ni tí yóò tún bi mí léèrè ohunkóhun títí n ó fi kú.

Àsìkò yẹn ni mo lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìlaròó, mo sì sùn síbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, táyà mi le koko. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ta á nípàá, ó le. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, bákan náà ló rí. Ara àlejò ti balẹ̀!

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fọ́nnu. Mo ròyìn túbúlẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ròyìn rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí aládùúgbò wa. Nígbà tí kùkùté gún táyà ọ̀tún lóko kan nítòsí Ìlárá, mo bi ọkọ mi pé, "Ẹ ní inú ni agbára wà. Ṣé ó jáde lọ ni?" Nígbà tó tún gún un lẹ́ẹ̀kejì, mo fi kọrin.

"O mọ̀wé, Tíṣà," ni gbogbo èsì tí wọ́n fún mi. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí léèrè: oko ta ni ká kọ́kọ́ dé? Ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, kí la ó ṣe sí i? Ọ̀rọ̀ mi ti wọlé, mo di ọ̀gá.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí irin ọkọ́ kan tí ẹnì kan gbàgbé sóko gún táyà òsì. Wọ́n ti pe fọkanáísà kí n tó gbọ́. Mo gun ọ̀kadà lọ bá wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni fọkanáísà ń fi irin ya ẹnu táyà mi, túbù dúdú kan sì yọ jáde bí ìfun ewúrẹ́.

"Ta ló fi túbù síbẹ̀?"

Fọkanáísà ń wo ilẹ̀. Ọkọ mi kékeré ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń ka ẹyẹ.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú," ló wí nígbà tó yá. "Ìgbà tí ẹ lọ sí Ìlaròó ni. Ẹ̀gbọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ."

"Ṣé kí wọ́n lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá o. Wọ́n ní táyà yín kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ níṣojú èèyàn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń fọwọ́ ti túbù wọlé. Àwa méjèèjì la gbé wọn dìde nígbà tí wọ́n ṣe tán."

Inú kọ́kọ́ bí mi. Wọ́n ti di ọwọ́ mi mú kọ̀wé bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, èmi sì ń pariwo kiri àdúgbò pé èmi ni mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí orúnkún yẹn. Mo rántí gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo fi wọ́n ṣe, nígbà tó jẹ́ pé gbólóhùn kan péré ni ì bá pa mí lẹ́nu mọ́, tí wọn kò sì sọ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó ya ẹnu sílẹ̀ yẹn, mo fẹ́ràn ọkọ mi ju bí mo ṣe fẹ́ràn wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa.

"Ẹ lẹ̀ ẹ́," mo sọ fún fọkanáísà, "kí ẹ dá a padà síbi tó wà. N kò rí nǹkan kan."

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀.

"Táyà tèmi ni àbí tìrẹ?"

"Tèmi ni. Irin kékeré ló gún un. Ṣebí mo ti sọ fún yín pé túbúlẹ́ẹ̀sì kì í ṣe ẹgbẹ́ túbù."

"Òótọ́ ni, Tíṣà," ni wọ́n wí. "Kò ní nǹkan nínú, síbẹ̀ ó dúró."

Mo wọlé lọ mú òrí, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra orúnkún tó ń dùn wọ́n. Mo rà á títí ó fi ń dán.

"Òsì nìkan lo dojú kọ láti àárọ̀," ni wọ́n wí. "Ọ̀tún ńkọ́?"

"Ọ̀tún tiyín ni," mo fèsì. "Òsì ni tèmi."