Ọdún Tí Wọ́n Dá Iṣu Wa Padà

Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ti lè ru agbọ̀n iṣu láti abà wa lẹ́yìn Alákìá dé inú Ìbàdàn. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, bàbá mi a ṣa èyí tó dára jù, èmi àti wọn a sì gbé e lọ fún mọ́gàjí, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ tí a fi ń dáko. Ìṣákọ́lẹ̀ là ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé owó ilẹ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì ni pé onílẹ̀ ṣì mọ̀ wá. Bàbá bàbá mi ni àlejò tó kọ́kọ́ tọrọ ilẹ̀ náà, a ò sì ní ibòmíràn.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, mọ́gàjí ò jẹ́ kí n sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n wo agbọ̀n orí mi, wọn ò wo ojú bàbá mi.

"Ẹ gbé e padà," ni wọ́n wí. "Ẹ lọ fi bọ́ àwọn ọmọ yín."

Bàbá mi, tó ti dọ̀bálẹ̀, béèrè bóyá iṣu náà kéré ni. Mọ́gàjí ní iṣu dára, wọ́n sì wọlé lọ. Èmi ń yọ̀ ní tèmi, mo ń ro iyán tí a máa gún, àfi ìgbà tí a délé tí ìyá mi rí agbọ̀n lórí mi. Wọ́n káwọ́ lérí. "Wọ́n ti lé wa nìyẹn," ni ohun tí wọ́n sọ. Bí ẹ̀rù ṣe kọ́kọ́ bà mí nìyẹn.

Kò pẹ́ tí àwọn awọnlẹ̀ fi dé. Wọ́n ta okùn, wọ́n ń kan èèkàn tí a kùn ní ọ̀dà pupa mọ́ àárín ebè wa. A wá gbọ́ pé àwọn oníṣòwò ńlá kan láti Èkó fẹ́ kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀, nítorí pé ó sún mọ́ pápá bàálù, àwọn akọ̀wé sì ti ń kọ́lé lágbègbè náà. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ni yóò kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan, pẹ̀lú ilẹ̀ gbalasa tí wọn yóò máa gbé mọ́tò sí. Adẹ́mu kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ń fi bàbá mi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ ó máa wọ bàtà lọ sóko yín, ẹ ó sì máa ra iṣu níbi tí ẹ ti ń gbìn ín." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rín.

Nígbà tí katakata bẹ̀rẹ̀ sí wó igbó lódìkejì odò tó wà lẹ́bàá oko wa, ìyá mi, tó jẹ́ aládùúrà, gba ààwẹ̀, wọ́n sì di ẹrù wa sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọ ibi tí a ń lọ. Bàbá mi ń kọ ebè bí ẹni tí ń kọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Èmi, bí mo bá ti gbọ́ ìró mọ́tò lójú ọ̀nà, inú yàrá ni mò ń sá sí.

Iṣu tuntun tún jáde. Ìyá mi bẹ bàbá mi pé kí wọ́n má tún lọ gbàbùkù. Bàbá mi ní, "Onílẹ̀ lè kọ̀ ọ́. Èmi ò lè má gbé e lọ. Bí mo bá jókòó sílé, èmi ni mo lé ara mi."

Nígbà tí a débẹ̀, mọ́gàjí ti jáde. Ìyá wọn, arúgbó tí ojú ti ń ṣe bàìbàì, ló wà lọ́ọ̀dẹ̀ tí ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n bi wá pé ta ni. Bàbá mi dá wọn lóhùn.

"Ẹ̀yin ará oko nìyẹn? Mi ò rí iṣu yín lésìí. Mo ní bóyá ẹ ti lówó, ẹ ò mọ̀ wá mọ́."

Bàbá mi ò lè sọ pé ọmọ wọn ló dá a padà. Wọ́n kàn ní, "A gbé e wá, Màmá." Ìyá àgbà fọwọ́ pa iṣu náà, wọ́n sì ní kí ìyàwó ilé gbé ọ̀kan kaná lójú ẹsẹ̀. A jókòó. Bí omi ṣe ń hó lórí iná ni àyà mi ń lù, nítorí bí mọ́gàjí bá wọlé kí iṣu tó jinná, ó parí. Ìyá àgbà fi epo jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gé díẹ̀ fún mi. Mo dì í mọ́wọ́, mo ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni mọ́gàjí bá wa. "Màmá, iṣu ta nìyẹn?"

"Iṣu àwọn ará oko wa ni. Ó ti wọ ikùn mi. Àbí kí n bì í?"

Mọ́gàjí wo àwo, wọ́n wo bàbá mi. Láyé ìgbà náà, bí àgbà ilé bá ti jẹ ìṣákọ́lẹ̀ rẹ, kò sí ọmọ ilé náà tó lè ní òun ò gbà á. Mọ́gàjí jókòó.

Ẹ̀rù ò tíì tán o. Èèkàn pupa ṣì wà nínú oko. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, mọ́gàjí fúnra wọn mú àwọn awọnlẹ̀ wá. Wọ́n fa èèkàn náà tu, wọ́n sì lọ kàn án mọ́ ilẹ̀ mọ́gàjí mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò dáko sí lódìkejì odò. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ìtajà náà sí. Síbẹ̀ ìyá mi ò tú ẹrù tí wọ́n ti dì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni, a ò tíì ṣa á, tí ọmọ kan láti ilé mọ́gàjí fi yọ sí wa. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní kí n wá béèrè pé iṣu dà." Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé lọ tú ẹrù.

Ayé ti yí. Bàbá mi ti lọ, àwọn ọmọ wa ò dáko mọ́, èmi náà a sì máa wọ bàtà lọ ra iṣu nínú ilé ìtajà yẹn, bí adẹ́mu ṣe wí. Lóde òní, ìwé ni wọ́n fi ń ta ilẹ̀. Ẹni tó ń dáko sórí rẹ̀ á kàn jí bá katakata ni. Kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ dá iṣu padà fún un kó lè mọ̀ pé wọ́n ti lé òun. Ṣùgbọ́n èmi, títí di òní, bí mo bá gbé oúnjẹ fún èèyàn, tó bá ní kí n gbé e padà, kódà kó jẹ́ pé ó ti yó ni, àyà mi a já.