Igbó Kànìnkànìn Bàbá Fàúsátù

Kò sẹ́ni tó mọ Bàbá Fàúsátù ní Ajah tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kànìnkànìn. Ọṣẹ ti bo Ìyá Fàúsátù, ìyàwó wọn, lójú ní balùwẹ̀. Wọ́n nawọ́ síbi tí kànìnkànìn máa ń wà, ọwọ́ bá òfo. Igbe tí wọ́n ké, àwọn apẹja gbọ́ ọ ní Eleko, wọ́n wọ́ ọkọ̀ wọn gòkè, wọ́n ní ìjì ń bọ̀.

"Bàbá Fàúsá! Kànìnkànìn mi dà?"

"Rọra, Ìyá Fàúsá," Bàbá dáhùn láti pálọ̀. "Ó ti di igbó."

Ó ti di igbó lóòótọ́. Bàbá ti já a wẹ́wẹ́, wọ́n ti rì í sínú ọ̀dà aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó gbọọrọ kan, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí kò ju bàtà ọmọdé lọ ti ń sáré kọjá.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ní bí ọkọ̀ ojú irin ò bá mọ ọ̀nà Ajah, àwọn á mú un débẹ̀. Clement káfíńtà ṣe Igbó Ẹfọ̀n kékeré sórí pátákó, ọ̀rẹ́ wọn Abdulmajeed ṣe ti Eleko, Bàbá ṣe Ajah tó wà láàárín. Lóṣooṣù, wọ́n á so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ọkọ̀ á gbéra.

"Bàbá, igbó wo ló kù ní Ajah?" Clement bi wọ́n. "Ẹ̀sítéètì ló kún ibẹ̀ o!"

"Ẹ̀yin káfíńtà lẹ gé e tán. Èmi ń gbìn ín padà."

Ṣùgbọ́n omi Ajah kì í kan ilẹ̀kùn. Bí òjò bá ti gbé e wọ pálọ̀, Bàbá á gbé pátákó sórí bẹ́ẹ̀dì, Ìyá Fàúsátù á dúró sínú omi.

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ lẹ́sẹ̀. Pátákó ò lẹ́sẹ̀."

"Pátákó ló ń léfòó, Bàbá Fàúsá, èmi kọ́!"

Síbẹ̀, ọdọọdún ni ọ̀rinrin ń ba igbó náà jẹ́. Yanrìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó á ṣí, igi á hu ewú. "Ó ti sú mi," Bàbá á wí, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á tún lọ bu yanrìn.

Lọ́dún tó kọjá, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó rẹ Bàbá, wọ́n sì papò dà. Nígbà tí omi dé, kò sẹ́ni tó gbé Ajah sórí bẹ́ẹ̀dì.

Clement wá wo pátákó náà, ó mi orí. "Màmá, eléyìí ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká yọ Ajah kúrò, ká so Igbó Ẹfọ̀n mọ́ Eleko tààrà."

Ìyá Fàúsátù ní, "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Sátidé."

Ní Sátidé, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì gbé pátákó wọn dé. Ajah ti wà nílẹ̀: yanrìn tuntun, gọ́ọ̀mù tí kò tíì gbẹ dáadáa. Wọ́n so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ọkọ̀ kúrò ní Igbó Ẹfọ̀n, ó kó wọ igbó, kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Ó yọ jáde lódìkejì, ó forí lé Eleko.

Clement nu ojú. "Màmá, níbo lẹ ti rí igbó tó ki tó báyìí?"

"Ẹ jókòó, ẹ jẹun," Ìyá Fàúsátù dáhùn. "Ọwọ́ lásán ni mo fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí."