Philemon àti Iyanrìn Tútù

Kò sí ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí òrùlé Philemon fò ní ìlú Òde-Ayé. Philemon a máa yọ́ àwókù àlùmíníọ́mù, a sì dà á sínú iyanrìn tó ti fi ìkòkò tẹ̀, kó lè di ìkòkò tuntun. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Àrìnkẹ́ aya rẹ̀ fọwọ́ kan iyanrìn.

"Bàbá Mildred, iyanrìn yìí ṣì tutù. Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná."

"Iná tó yọ́ irin ni kò ní lè mú iyanrìn gbẹ? Kí ni omi jẹ́ lójú iná?"

Ó dà á. Omi inú iyanrìn di ooru lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ irin yíyọ́, kò rọ́nà jáde. Gbàmù! Irin gbígbóná fọ́n ká, páànù òrùlé gbéra, ó di ẹ̀yìnkùlé Jàfárù aládùúgbò wọn. Jàfárù dojúbolẹ̀, ó ń ka kálímà, ó rò pé ayé ti parẹ́. Ni Philemon bá yọ látinú èéfín, ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Jàfárù, jọ̀ọ́, ṣé páànù mi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

Láti ọjọ́ náà ló ti sọra rẹ̀ di ọ̀tá omi. Charity, ọmọbìnrin kan ládùúgbò, wá ra ìkòkò, ó mú píọ́wọ́tà lọ́wọ́.

"Mu ún tán síta kí o tó wọlé!"

"Bàbá, èyí tó ti wà ní ikùn mi ńkọ́?"

Philemon ronú díẹ̀. "Ìwọ náà, dúró síta."

Lọ́jọ́ kan tí òun àti Jàfárù jọ ń jẹ púpurù, rédíò ń ṣàlàyé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi agbára átọ́míìkì ṣe iná mànàmáná: bí ẹ̀rọ ibẹ̀ bá gbóná tó fi yọ́, tí ó sì já sínú omi, ó lè bú gbàmù. Philemon fi òkèlè sílẹ̀.

"Irú tèmi gan-an nìyẹn!"

"Ìmọ̀ràn wo lo ní fún wọn?"

"Kí wọ́n máa gbọ́rọ̀ sí ìyàwó wọn lẹ́nu."

Iná kọ́ ló pa Philemon. Àìsàn ọjọ́ ogbó ló mú un lọ, lórí ibùsùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Jàfárù tún ìtàn páànù sọ, Àrìnkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Charity wá bi í pé:

"Ìyá, níbo lẹ̀yin wà nígbà tó bú?"

"Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Bó ṣe gbọ́ tí iyanrìn hó ṣìì, ó yí padà, ó fi ara bò mí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni irin náà ta sí. Alaalẹ́ ni mo ń fi àdín pa ojú àpá náà."

"Kò sọ ìyẹn fún wa rí," ni Jàfárù wí.

"Ó ní ìyẹn kò pani lẹ́rìn-ín."

Àrìnkẹ́ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àdín ṣì kù nínú ìgò lórí fèrèsé, kò sì mọ ẹni tí yóò fi í pa lára mọ́.