Apá Tí Bàbá Mi Gbé Dé Etí Mi

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá mi, apẹja ní Ẹ̀pẹ́, dúró lẹ́yìn mi nínú mọ́ṣáláṣí, tó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, tó sì gbé wọn dé etí mi. "Báyìí la ṣe ń wọ ìrun," ó ní. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le koko nítorí okùn àwọ̀n. Etí ni mo ń gbé wọn dé láti ọjọ́ náà, títí kan ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, títí mo fi di àgbàlagbà, kó tó di pé oríkèé èjìká ọ̀tún mi jẹ tán. Odindi ọdún mẹ́ta ni apá náà kò fi kọjá àyà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà. Kí iṣẹ́ abẹ náà tó bẹ̀rẹ̀, dókítà gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn kí apá lè kú, ó sì kú. Nígbà tí mo jí, ó wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ mi lọ́rùn, bí ẹrù tí ẹlòmíràn ní kí n bá òun mú dání. Mo rántí bí mo ṣe máa ń sùn lé apá nínú ọkọ̀ ojú omi bàbá mi, tí màá jí tí n kò ní mọ̀ pé mo lápá. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Apá ẹ ti lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀. Dúró dè é, á padà."

Dókítà ní tirẹ̀ ní kí n má dúró. "Bàbá, abẹ́rẹ́ yìí máa tán lára yín lọ́la. Ẹ ti máa lo oògùn ara ríro kó tó tán. Tí ìrora bá ká yín mọ́, ẹ ò ní lè máa na apá, èjìká á sì gan."

Wọ́n dá mi sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí a délé ní Ìkòròdú, ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti oògùn wá.

"Mo ti gba ààwẹ̀," mo ní. "Àlàmísì ni."

"Alàájì, ta ló bẹ aláìsàn ní ààwẹ̀?"

"Kò sí ibi tó ń dùn mí."

"Ṣé apá yín náà ti bá yín gbà á ni?"

Mo sún oògùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ilé bàbá mi ni mo ti ń gba ààwẹ̀ Àlàmísì.

Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí wìnnìwìnnì. Inú mi dùn pé apá ń bọ̀. Ó dé lóòótọ́, ó gbé iná dání. N kò tíì sunkún láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi. Mo sun ún lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó bu omi, ó ní, "Ọlọ́run tó ni ààwẹ̀ ló ni dókítà. Ẹ gbé e mì."

Mo gbé e mì, ṣùgbọ́n ìrora ti ṣíwájú oògùn. Ọjọ́ méjì ni oògùn fi lé ìrora kó tó bá a. Ní ọjọ́ méjèèjì yẹn, n kò lè na apá rárá, ẹ̀rù sì bà mí pé mo ti fi ọwọ́ ara mi gba èjìká náà lọ́wọ́ ara mi.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Lánàá, apá náà dé èjìká. Lẹ́mọ́mù wa ní ìrun ti tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n etí ni bàbá mi gbé e dé. Láàárọ̀ yìí, mo lo oògùn mi, mo jókòó dìgbà tó wọra, mo sì dìde, mo tún gbé apá náà.