Òjé Abẹ́ Gàárì

Òórùn koríko gbígbẹ àti òógùn ẹṣin ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi nímú bí mo bá rántí Àkrà. Aṣọ ni mò ń tà ní Cow Lane nígbà náà, bàálé mi ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, yóò palẹ̀ ọjà mọ́, yóò wẹ̀, pápá eré ẹṣin ló kù. Èmi náà a tẹ̀ lé e. Ọmọdé ń ṣe mí, mo rò pé bí aya bá jókòó ti ọkọ, ọkọ kò ní lè ta tẹ́tẹ́ púpọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹṣin tó yára jù ló máa ń gba ipò kìíní. Ẹṣin tó bá ń borí ṣáá, àwọn alábòójútó pápá yóò ki òjé sábẹ́ gàárì rẹ̀, kí àwọn yòókù lè bá a. Bó bá tún borí, wọ́n á tún fi kún un. Bàálé mi kì í wo ẹwà ẹṣin, ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń béèrè. Èyí tó fúyẹ́ ni yóò mú, ó sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀, a fi ń ra kẹ́ńkẹ́ àti ẹja. Ó máa ń sọ pé, "Ìyá ọmọ, ẹsẹ̀ kọ́ ni mò ń ta tẹ́tẹ́ lé, ẹ̀yìn ni."

Ẹṣin pupa kan wà tí gbogbo àdúgbò Sabon Zongo fẹ́ràn. Òun ló ń ru òjé tó wúwo jù. Bàálé mi kò mú un rí.

Ìgbà náà ni rédíò sọ̀rọ̀. Ìjọba ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Àkrà ni wọ́n bí bàálé mi sí, kò mọ̀ pé ẹnìkan ń gba ìwé kó tó lè gbé ilé ara rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi wá ń ná aṣọ mi bí ẹni ń ná ẹrù òkú. Owó ọkọ̀ wa àti ti ọmọ pé, ṣùgbọ́n awakọ̀ lọ́rì ní ẹrù náà ń san tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá mi rà fún mi ni mo fẹ́ gbé lọ. Òun ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ nílé.

"Màá wá owó ọkọ̀ ẹ̀rọ yẹn," ni bàálé mi wí ní Sátidé tó kẹ́yìn. Ó mú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù dání. Mo tẹ̀ lé e.

"Èyí tó fúyẹ́, ẹ jọ̀ọ́," mo bẹ̀ ẹ́, "bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Wọ́n ń di òjé mọ́ ẹṣin pupa náà lọ́wọ́. Ojú bàálé mi yí padà. "Torí pé ó dára jù wọ́n lọ ni wọ́n ṣe ń dẹrù rù ú. Tiwa nìyẹn. Òun ni mo mú."

Ẹni tó ń gba tẹ́tẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó pè é ní orúkọ tí wọ́n ń pe àwa ará Nàìjíríà níbẹ̀. "Aláta! Ìwọ tí o kì í mú èyí tó wúwo? Ṣé o ti ń rin ìrìn àjò lójú oorun ni?"

"Gba owó, jàre."

Ẹṣin pupa náà ló ṣáájú títí wọ́n fi yí kọ́nà tó kẹ́yìn. Mo ti dìde, mo ń pariwo, èmi tí mo wá di ọkọ lọ́wọ́ mú. Ni ọrùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. Kò dúró, kò ṣubú, ilẹ̀ ló kàn ń gùn sí i. Ẹṣin funfun kékeré kan tí kò ru nǹkan kan kọjá lára rẹ̀ bí ẹni ń lọ pọnmi. Bàálé mi mọ̀ tẹ́lẹ̀, èmi náà mọ̀. Kò sí ohun tí a rí ṣe sí i.

"Due, due," ni onílé wa, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ Gá, ọmọ ìbílẹ̀ Àkrà, ń kí mi bí ẹni ń kí ọ̀fọ̀, nígbà tí a jọ gbé ẹ̀rọ náà wọ yàrá rẹ̀. Ó ní òun á máa fi epo sí i títí a ó fi padà. A kò padà.

Bàálé mi ti dolóògbé báyìí. Ohun kan ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Lẹ́yìn eré ọjọ́ náà, wọ́n tú gàárì ẹṣin pupa náà níṣojú wa, wọ́n yọ òjé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹṣin gbọn ara, ó sì tẹ orí ba koríko. Bàálé mi dúró wò ó pẹ́.

"Wọ́n mà sọ ẹrù tòun kalẹ̀ fún un," ó wí.

Mo fà á lápá pé ká lọ di ẹrù.